Ìdáhùn Wà Nínú Àyọkà: Ìwé Ìlàlóye fún Òbí àti Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Múra Ìdánwò JAMB ní Owódé Onírin àti Agbègbè Rẹ̀

Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí

Bí èsì JAMB bá ti ń jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn òbí ń bá wá sí káńtà wa: "Ọmọ mi mọ ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì ló fà á sẹ́yìn. Ẹnì kan ní òun máa bá wa fi máàkì kún un." Àwọn mìíràn ti sanwó kí wọ́n tó bi wá. Àwọn kan tilẹ̀ ti sanwó kí ọmọ tó wọ gbọ̀ngàn, fún ohun tí wọ́n ń pè ní expo, nítorí ẹni tó tà á búra pé òun ti rí àkàyé tí yóò jáde.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ìwé yìí: ìdáhùn ìbéèrè àkàyé wà nínú àyọkà tí JAMB fúnra rẹ̀ gbé síwájú ọmọ yín. Kí ọmọ mọ bí a ṣe ń tètè rí i ló kù.

Ta ni Gẹ̀ẹ́sì kàn?

Gbogbo ẹni tó bá jókòó fún UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB. Ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì yóò ṣe é. Ẹni tó gba A1 nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC náà yóò ṣe é. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí iṣẹ́ mẹ́ta yòókù jẹ́ 40 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ jẹ́ ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì. Bí a bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá lo ìṣẹ́jú 20 lórí àyọkà kan ti jẹ àkókò iṣẹ́ mìíràn.

Àwọn tó ń ta ìdáhùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Má ra àkàyé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìdánwò yìí, ìpele-ìpele ni wọ́n sì ń ṣe é fún ọjọ́ púpọ̀. Ìbéèrè tí ọmọ aládùúgbò yín rí láàárọ̀ kọ́ ni ọmọ yín yóò rí lọ́sàn-án. Ọmọ tó há ìdáhùn tí wọ́n tà fún un sórí yóò jókòó síwájú àyọkà tí kò rí rí, kò sì ní í fara balẹ̀ kà á mọ́, torí ohun tó há ló ń wá kiri nínú rẹ̀.

Má sanwó kí wọ́n fi máàkì kún máàkì. Ọ̀dọ̀ JAMB ni àwọn yunifásítì ti ń gba máàkì. Bí ẹnì kan bá fi bébà tí máàkì rẹ̀ ti lé sókè hàn yín, bébà lásán lẹ rà.

Àwọn òbí kan ń rán wa létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2025. Òótọ́ ni pé àṣìṣe wọ ìdánwò ọdún náà ní ibùdó 157, àwọn ibùdó Èkó sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí wọ́n ṣe tún un ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, alákòóso àgbà JAMB nígbà náà, ló kéde rẹ̀ ní gbangba lóṣù Karùn-ún, JAMB sì pe àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn padà láti tún ìdánwò ṣe. Kò sí ọmọ tó gba àtúnṣe yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń ta máàkì lẹ́nu ọ̀nà kafe.

Òfin màgòmágó ìdánwò ti 1999 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti ṣe é, ó sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ ṣe é. Òbí tó sanwó náà ti tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Bí a ṣe ń ka àyọkà

1. Ka ìbéèrè ṣáájú àyọkà. Má tíì ka A, B, C àti D. Kí o mọ ohun tí wọ́n ń bi ọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

2. Ka àyọkà náà lẹ́ẹ̀kan láìdúró. Bí o bá pàdé ọ̀rọ̀ tó le, kọjá lọ. Ní òpin ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, sọ ọ́ sínú ara rẹ: kí ni ó sọ níbí?

3. Ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń yí ọ̀rọ̀ padà: but, however, yet, although. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí òǹkọ̀wé gbà gan-an ń bọ̀ lẹ́yìn but àti however. Nínú ìbéèrè, ṣọ́ not àti except. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ ìdáhùn ló ń ṣubú níbẹ̀.

4. Kí o tó yan ìdáhùn, tọ́ka sí ìlà tí o ti rí i. Bí o kò bá rí ìlà kan tọ́ka sí, o kò tíì rí ìdáhùn. Pa dà síbẹ̀.

5. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe lò ó nínú àyọkà, fi ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìdáhùn mẹ́rin náà rọ́pò rẹ̀ nínú gbólóhùn, kí o wo èyí tó bá a mu.

Àpẹẹrẹ kan

Gẹ̀ẹ́sì ni ti JAMB yóò jẹ́. A fi Yorùbá kọ èyí kí òbí náà lè bá ọmọ ṣe é.

*Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù gbà pé irin àtijọ́ lágbára ju tuntun lọ. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀pá kan. Ṣùgbọ́n irin tí ìpẹtà ti jẹ nínú lè máa dán lóde. Ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹrù lé e ni àṣírí rẹ̀ ń tú.*

Kí ni òǹkọ̀wé fẹ́ kí á mọ̀?

A. Irin àtijọ́ lágbára ju tuntun lọ.
B. Gbogbo irin àlòkù ni ìpẹtà ti jẹ.
C. Ojú nìkan kò tó láti fi mọ irin tó dára.
D. Ó yẹ kí ìjọba fòfin de irin àlòkù.

A ló ń tan ọmọ jù, nítorí ọ̀rọ̀ inú àyọkà ni wọ́n dà kọ. Àmọ́ èrò àwọn oníbàárà ni, kì í ṣe ti òǹkọ̀wé. B sọ "gbogbo"; àyọkà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fura sí all, always, never àti only. D lè wu ẹni tó ń kà á, kò sì sí níbì kankan nínú àyọkà. C ni ìdáhùn, ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣùgbọ́n" ni ẹ̀rí rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú C tí wọ́n dà kọ, ohun tí òǹkọ̀wé ń sọ ni ó sì gbé.

Àyọkà alálàfo

Ka gbogbo rẹ̀ tán kí o tó dí àlàfo kìíní. Bí ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ bá ni, èdè ilé ẹjọ́ ni yóò dí i; bí ti ilé ìwòsàn bá ni, bẹ́ẹ̀ náà ni. Wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn àlàfo pẹ̀lú, kì í ṣe ti iwájú nìkan.

Ìwé tí JAMB yàn

Ìbéèrè máa ń jáde nínú ìwé ìtàn kan. Ní 2025, *The Lekki Headmaster* ti Kabir Alabi Garba ni. *The Life Changer* ti Khadija Abubakar Jalli ni ó wà níbẹ̀ ṣáájú. JAMB ń pààrọ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè ti ọdún yín kí ẹ tó ra èyí tí ẹ̀gbọ́n lò. Ọmọ gbọ́dọ̀ ka ìwé náà fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ohun tí òbí tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe

Kò dìgbà tí ẹ bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ṣọ́ọ̀bù yín ní ọjà irin, ẹ ní kí ọmọ ka ìpínrọ̀ kan nínú ìwé ìròyìn sókè lójoojúmọ́, kí ó wá fi Yorùbá sọ ohun tó kà ní gbólóhùn méjì. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló ń sọ̀rọ̀? Kí ló fẹ́ kí á gbà? Níbo lo ti rí i? Bí kò bá lè fi Yorùbá sọ ọ́, kò tíì yé e, bó ti wù kí ó kà á já gaara tó. Kí ó má mú bíírò lọ́wọ́ nígbà tó bá ń kà. Kò ní í lè fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ ìdánwò

Àkókò tó wà lórí slíìpù ìdánwò ọmọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ibùdó ọmọ lè jìnnà sí Kétu tàbí Ìkòròdú, ẹ sì mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 ṣe rí. Ẹ lọ wo ibùdó náà ṣáájú. Fóònù àti aago ọwọ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Lórí kíìbọ́ọ̀dù, N ń gbé ọmọ síwájú, P ń dá a padà. S ni ti ìparí iṣẹ́, kó má tẹ̀ ẹ́ láìtíì ṣe tán.

Ní káńtà wa

A lè ka slíìpù fún yín, kí a sọ ọjọ́ àti ibùdó. A lè fi ọ̀nà kíkà yìí han ọmọ yín. A kò lè yí máàkì padà, a kò sì mọ ẹnikẹ́ni tó lè yí i. Ẹ wá ṣáájú ìdánwò. Bí ẹnì kan bá ti gba owó lọ́wọ́ yín lórúkọ JAMB, ẹ tọ́jú ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì fi ẹjọ́ náà sun ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an.