Purotéènì Tí A Mọ Láti Di Apá Kan DNA Mú: Ìlàlóye fún Ìdílé Tó Ní Aláìsàn Fòníkú-Fọ̀ladìde

DNA ni àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì, tó ń darí irú purotéènì tí ara yóò pèsè. Lẹ́tà mẹ́rin péré, A, T, G àti C, ni a fi ń kà á, ṣùgbọ́n tènìyàn gùn tó nǹkan bí bílíọ̀nù 3 lẹ́tà. Lẹ́tà kan ṣoṣo, A tó di T, nínú àbùdá hẹmoglóbínì, ìyẹn purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ló ń fa fòníkú-fọ̀ladìde fún ọmọ tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti ìyá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàtúnṣe nílò ohun tó lè dá ibi kan pàtó mọ̀ láàárín gbogbo lẹ́tà wọ̀nyí.

Ìṣẹ̀dá ti ní irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1985, Aaron Klug àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge ṣàkíyèsí pé purotéènì kan láti ara ọ̀pọ̀lọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ní àwọn apá kéékèèké tó jọra, tí síńkì di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó má baà tú, èyí tí a wá mọ̀ sí ìka síńkì. Ìka kan, tí kò ju nǹkan bí 30 ásíìdì àmínò lọ (àwọn èròjà tí a fi ń mọ purotéènì), máa ń di nǹkan bí lẹ́tà 3 mú, nítorí náà bí a bá to mẹ́fà tẹ̀lé ara wọn, wọn yóò di 18 mú, iye tó ṣòro kó tún bára mu níbòmíràn nínú DNA. Iṣẹ́ náà kò rọrùn bí ó ti dún létí, torí pé ìka kan lè yí ìwà padà nítorí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irú purotéènì kejì tó ń di DNA mú, tí a rí lára bakitéríà tó ń ba ìrẹsì jẹ́, rọrùn láti tò jù bẹ́ẹ̀ lọ: apá kan ń di lẹ́tà kan mú.

Dídi DNA mú nìkan kò wo àìsàn, nítorí náà a máa ń so abala tó ń gé DNA mọ́ ọn, a sì máa ń lo purotéènì méjì tí wọ́n dojú kọra, torí abala yìí kì í gé nǹkan àyàfi tí méjèèjì bá pàdé, gẹ́gẹ́ bí àpótí ẹgbẹ́ tí kò ṣeé ṣí láìjẹ́ pé alága àti akápò mú kọ́kọ́rọ́ wọn wá.

Ní Amẹ́ríkà, a ti dán ìka síńkì wò lára àwọn aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Àbùdá BCL11A ló ń dín hẹmoglóbínì ọmọ inú oyún kù lẹ́yìn ìbí, bẹ́ẹ̀ irú hẹmoglóbínì yẹn kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ká kò bí ó ti máa ń ṣe nínú àìsàn yìí. Àwọn onímọ̀ gba sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n fi ìka síńkì gé ibi tó ń tan BCL11A nínú wọn kí hẹmoglóbínì yẹn lè padà, wọ́n fi oògùn líle pa sẹ́ẹ̀lì tó kù nínú mùdùnmúdùn eegun rẹ̀, kí wọ́n tó dá èyí tí wọ́n tún ṣe padà sí i lára. Oògùn líle yìí lè ba agbára ìbímọ jẹ́. Ìtọ́jú tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2023 kan ibi kan náà, ṣùgbọ́n RNA, èròjà tó jọ DNA, ló ń tọ́ ohun tó ń gé e sọ́nà.

Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ìtọ́jú wọ̀nyí tó wà nínú kápúsù tàbí nínú ìgò àgbo, irọ́ sì ni ẹni tó bá ń ta oògùn tó ń yí jẹ́nótáìpù (irú àbùdá hẹmoglóbínì tí ènìyàn jogún) padà ń pa. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ìtọ́jú yìí ń tún ṣe, kì í kan àtọ̀ tàbí ẹyin. Ẹni tó bá gbà á ṣì lè fi S, ìyẹn àbùdá hẹmoglóbínì tó yí padà, sílẹ̀ lógún fún ọmọ, nítorí náà kí àwọn àfẹ́sọ́nà ṣàyẹ̀wò jẹ́nótáìpù wọn kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó.