Kọ́kọ́rọ́ ọdún 1977 tó kó síìmù káàdì sí wàhálà

Ní oṣù Keje ọdún 2013, Karsten Nohl, onímọ̀ nípa ààbò kọ̀ǹpútà ní ìlú Berlin lórílẹ̀-èdè Jámánì, kéde pé àtẹ̀jíṣẹ́ lásán lè tó láti gba àkóso síìmù káàdì ẹlòmíì. Kì í ṣe gbogbo síìmù o. Àwọn tó ṣì ń lo ọ̀nà ìfọ̀rọ̀pamọ́ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní DES lọ̀rọ̀ kàn.

Ilé iṣẹ́ IBM ló ṣe ìpìlẹ̀ DES, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1977. Ńṣe ló máa ń gé ọ̀rọ̀ sí ègé kéékèèké bí ẹni gé iṣu, á wá fi kọ́kọ́rọ́ kan po ègé kọ̀ọ̀kan rú. Bíìtì 56 péré ni kọ́kọ́rọ́ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Iye kọ́kọ́rọ́ tó lè jẹ́ lé ní mílíọ̀nù 72 lọ́nà bílíọ̀nù kan, ó pọ̀ lójú èèyàn, àmọ́ kò rẹ ẹ̀rọ. Lọ́dún 1998, ẹgbẹ́ Electronic Frontier Foundation kan ẹ̀rọ kan tí owó rẹ̀ kò tó 250,000 dọ́là, wákàtí 56 ló sì fi rí kọ́kọ́rọ́ náà.

Ti Nohl tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ti ṣírò sílẹ̀. Martin Hellman ló gbé ọgbọ́n yìí jáde lọ́dún 1980, Philippe Oechslin sì tún un ṣe lọ́dún 2003. Èèyàn á ṣe ìṣirò ńlá náà lẹ́ẹ̀kan, á tọ́jú díẹ̀ lára èsì rẹ̀ sínú àtẹ, bí ìyá tó ti dín ata sínú fírísà de àlejò.

Àtẹ ọ̀hún ò wúlò bí kò bá rí ohun tó máa fi wéra. Síìmù fúnra rẹ̀ ló gbé e kalẹ̀! Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ tí kì í hàn lójú fóònù tún síìmù ṣe. Nohl fi ayédèrú irú rẹ̀ ránṣẹ́. Dípò kí àwọn síìmù kan dákẹ́, wọ́n fèsì pé àṣìṣe wà níbẹ̀, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ wọn buwọ́ lu èsì náà. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, kọ̀ǹpútà lásán ti fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ lè rán áàpù kékeré sínú síìmù, kó máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kó sì máa sọ ibi tí onífóònù wà.

AES, tó rọ́pò DES lọ́dún 2001, ní kọ́kọ́rọ́ tó gùn tó bíìtì 128, ó kéré tán. Kò sí àtẹ tó lè gbà á. Ilé iṣẹ́ fóònù náà sì lè dínà irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà ò lè mọ èyí tó wà nínú síìmù rẹ̀ tó bá wò ó lójú, àmọ́ ẹni tí tirẹ̀ ti pẹ́ gan-an lè lọ ṣe welcome back, kó gba tuntun lórí nọ́ńbà kan náà.