Bionicle: Ìtàn Tó Wà Nínú Agolo Róbọ́ọ̀tì

Bionicle ni àwọn róbọ́ọ̀tì oníke tí ilé iṣẹ́ Lego, ní ìlú Billund lórílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, gbé jáde lọ́dún 2001. Inú agolo ni wọ́n ti ń tà wọ́n, apá lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, orí lọ́tọ̀. Ọmọ tó bá rà á ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó pọ̀.

Ọ̀ràn owó ló ṣí ọ̀nà fún un. Lọ́dún 1998, Lego, tí káfíńtà kan tó ń jẹ́ Ole Kirk Christiansen dá sílẹ̀ lọ́dún 1932, pàdánù owó fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀. Lọ́dún 1999, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun ìṣeré fíìmù Star Wars, ọjà sì tà. Ṣùgbọ́n ìtàn onítàn ni. Owó àṣẹ ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Wọ́n wá ń wá ìtàn tó jẹ́ tiwọn.

Christian Faber, ayàwòrán kan tó ń bá Lego ṣe ìpolówó, wà lára àwọn tó mú un wá. Kókó kan ti yọ sí i nínú ọpọlọ ní àwọn ọdún 1980. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó di dandan kó máa lo oògùn. Faber máa ń wo oògùn náà bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kéékèèké tó wọ inú ara lọ láti tún un ṣe. Èrò yìí ló gbé wọ inú iṣẹ́ tí òun, Bob Thompson àti Alastair Swinnerton jọ ṣe. Nínú ìtàn wọn, akọni mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Toa wà nínú agolo, omi òkun sì gbé wọn gúnlẹ̀ sí erékùṣù Mata Nui. Irú agolo yẹn gan-an ni ọmọdé ń ṣí nílé. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni: kí ọmọ tó to nǹkan kan, ó ti wà nínú ìtàn.

Iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ náà dára. Oríkèé róbọ́ọ̀tì náà rí róbótó, ó wọ inú ihò tirẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, nítorí náà ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ọmọ bá yí gíà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, apá á jù fìrì, á sì gbá ìbòjú lójú ọ̀tá jábọ́. Ìbòjú wọ̀nyí ni àwọn ọmọ ń ṣà jọ. Lọ́dún 2001, oríṣi 12 ni, àwọ̀ 6 sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ń tà wọ́n nínú páálí kékeré tí ẹni tó ń rà á kò lè mọ èyí tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí pàṣípààrọ̀ gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ.

Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni orúkọ. Inú èdè àwọn Māori ti New Zealand ni wọ́n ti mú púpọ̀ nínú wọn, láìtọrọ àṣẹ. Wọ́n pe àwọn ará erékùṣù náà ní Tohunga, oyè àwọn amòye àti àwòrò Māori. Ẹni tó bá mọ iyì babaláwo á mọ̀ pé ó tọ́ kí èyí bí àwọn Māori nínú. Lọ́dún 2001, lọ́yà Maui Solomon kọ̀wé sí Lego lórúkọ àwọn Māori kan. Ilé iṣẹ́ náà gbà, wọ́n sọ Tohunga di Matoran, wọ́n sì yí àwọn orúkọ mìíràn padà.

Ọjà náà kò torí ìyẹn dẹ̀. Fíìmù àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2003, Greg Farshtey sì kọ ìwé ìtàn lóríṣiríṣi fún un. Nígbà tí àdánù ńlá dé bá Lego lọ́dún 2003 àti 2004, Bionicle wà lára ohun tí kò jẹ́ kó wó. Lọ́dún 2008 ni ìtàn náà tó tú àṣírí pé orí róbọ́ọ̀tì ràbàtà kan tó sùn ni erékùṣù náà wà, àti pé inú ara rẹ̀ ni àwọn akọni náà ti ń ṣiṣẹ́, bí oògùn Faber.

Lego dá a dúró lọ́dún 2010, wọ́n mú un padà lọ́dún 2015, ṣùgbọ́n kò tà bíi ti àkọ́kọ́, wọ́n sì pa á tì lọ́dún 2016.