Ariwo inú mọ́tò wa: bí a ṣe lè dín in kù láì náwó púpọ̀



Ẹni tó bá ti wọ taksí láti Kútọnú dé Kétu rí á mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Kí ẹ tó dé Pọbẹ̀, ọ̀fun èrò ti gbẹ, torí pé kíké ni wọ́n ń ké kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn. Tí mọ́tò bá wá yà sí ọ̀nà ilẹ̀ pupa, gbogbo ilẹ̀kùn á máa dún gbàn-gbàn-gbàn. Èrò á sọ̀ kalẹ̀, á sì gbàgbé. Awakọ̀ tó ń jókòó sínú rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ ńkọ́? Desibẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Ariwo tó bá ti tó 85, tí ènìyàn ń gbọ́ ọ fún wákàtí 8 lójúmọ́, ti ń di ewu fún etí. Tó bá fi 3 péré lé e, tó di 88, wákàtí 4 ni etí lè gbà á mọ. Mọ́tò tó dára, tí fèrèsé rẹ̀ wà ní pípadé, kì í dé ibẹ̀. Àmọ́ èyí tó ti gbó, tó ń pariwo lábẹ́, tí a sì ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ lójú gudurọ́ọ̀nù, lè dé ibẹ̀. Etí tí ariwo bá sì ti bà jẹ́, kì í padà bọ̀ sípò mọ́.

Àwọn kan ń ta bébà dúdú tó wúwo, tí a ń lẹ̀ mọ́ irin mọ́tò láti dín ariwo kù. Owó rẹ̀ ga. Ohun tí àwa ń sọ ni pé kí ẹ má tíì ra nǹkan kan. Púpọ̀ nínú mọ́tò venu de France tí à ń rà ti lo ọdún 15 tàbí 20 kó tó kàn wá. Ohun tó gbó lára wọn ló ń pariwo, ẹ wá a ná.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́. Ọ̀pá tó ń gbé èéfín jáde, tí àwọn mẹkanisiẹ́ǹ ń pè ní échappement, tó bá ti lu, ariwo ẹ̀ á máa gba abẹ́ wọlé. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì níta gbangba, nígbà tó ṣì tutù. Kí ẹnì kan fi àkísà tútù tó nípọn dí ẹnu ọ̀pá náà díẹ̀, kí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ kó tẹ́tí sí abẹ́. Tó bá lu, ẹ ó gbọ́ ṣíí níbi tó ti lu. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ soudeur. Èyí ju ọ̀rọ̀ ariwo lọ o. Gáàsì kan wà nínú èéfín yẹn tí wọ́n ń pè ní monoxyde de carbone. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn. Tí orí bá ń fọ́ èrò, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, tí ara wọn sì ń yá tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ dúró, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ má sì gbé mọ́tò náà jáde mọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ẹni tí ilẹ̀ mọ́tò rẹ̀ ti dípẹtà tó lu, tó wá fi moquette tó nípọn bò ó, tó fi échappement tó lu sílẹ̀ lábẹ́, ó ti pa ẹnu ẹni tó ń kìlọ̀ fún un mọ́ nìyẹn.

Ó tún ku ẹsẹ̀ mọ́tò. Táyà tó bá jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan máa ń kùn hùùn lójú títì. Roulement tó ń kú lọ náà máa ń kùn. Báwo la ṣe ń dá wọn mọ̀? Níbi tí ọ̀nà ti dá, ẹ rọra yí ọwọ́ mọ́tò sí òsì díẹ̀. Tí ìkùn náà bá le sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ roulement apá ọ̀tún, torí pé òun ni ẹrù tẹ̀ sí lórí. Tí kò bá yí padà rárá, táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ má dákẹ́ sí roulement: ẹsẹ̀ mọ́tò ti yọ lójú títì rí nítorí rẹ̀.

Wàyí o, ibi tí owó kékeré ti ń ṣiṣẹ́ jù ni rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń pè ní joint. Ohùn dà bí omi, ibi tó bá ti rí ihò ló ń gbà. Ká tiẹ̀ ní ògiri tó lè dí ohùn pátápátá, tí ìdá 1 péré nínú 100 rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, kò ní lè dín ariwo kù ju desibẹ́ẹ̀lì 20 lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó náwó gọbọi sára ilẹ̀kùn, tí kò wo rọ́bà, fi máa ń sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ẹ fi bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ tì í, kí ẹ wá fa bébà náà. Tó bá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ibẹ̀ kò mú nǹkan mọ́. Ẹ ṣe é yí ká. Tó bá di alẹ́, kí ẹnì kan jókòó sínú mọ́tò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹlòmíràn wò láti ìta: ibi tí iná bá ti yọ, ibẹ̀ ni ariwo ń gbà, ibẹ̀ náà ni eruku pupa ń gbà. Ẹni tó bá dí èyí yóò jàǹfààní lẹ́ẹ̀mejì.

Kí la máa ṣe sí i? Ẹ kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ rọ́bà náà, torí pé ìdọ̀tí lásán ni nígbà mìíràn. Tí inú rẹ̀ bá ní ihò, tó sì ti pẹlẹbẹ, ẹ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ihò náà, á tún wú padà. Irin kékeré tí ilẹ̀kùn ń kọ́ mọ́ lára òpó, ìyẹn gâche, ṣeé tú, ó sì ṣeé sún sínú díẹ̀, kí ilẹ̀kùn lè fún dáadáa. Iṣẹ́ tournevis nìyẹn, kò gba owó. Tí rọ́bà bá ti ya kọjá àtúnṣe, ẹ wá òmíràn lọ síbi tí wọ́n ń tú mọ́tò tó ti kú, kí ẹ rí i pé mọ́tò irú kan náà ni. Ẹ má gbàgbé ihò tí wáyà ń gbà kọjá láàrin ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀. Rọ́bà ibẹ̀ máa ń sọnù tí ẹlẹ́tíríkì bá ti fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yìn èyí ni a tó lè sọ̀rọ̀ irin. Ẹ fi ìka kan ilẹ̀kùn láti ìta. Tó bá dún gbáàn bíi agbè àdìrẹ́ irin, ó ń gbọ̀n. Tó bá dún gbù, ó dára. Ohun tó wúwo tó sì rọ̀ tí a bá lẹ̀ mọ́ ọn ló ń pa ìgbọ̀n náà. Bande bitumineuse tí wọ́n fi ń dí òrùlé, tó ní aluminium lẹ́yìn, á ṣe é, owó rẹ̀ kò sì tó ti ojúlówó tí wọ́n fi butyl ṣe. Kò dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ o: oòrùn máa ń mú un rọ̀, ó sì máa ń rùn. Àmọ́ kò pọn dandan láti bo gbogbo irin náà. Tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, ní àárín gbùngbùn, ó ti tó. Ẹ ṣírò ó: ilẹ̀kùn tó gùn ní mítà 1, tó ga ní ààbọ̀ mítà, kò nílò ju nǹkan bíi mítà 1 àti díẹ̀ lára bande tó fẹ̀ ní sàǹtímítà 10. Ìdì kan tó jẹ́ mítà 10 á tó ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì ṣẹ́kù fún ibi ẹrù lẹ́yìn.

Ẹ fi ọtí pharmacie nu irin náà kó gbẹ, ẹ ṣe é nígbà tí oòrùn mú, ẹ sì fi ìgò yí i mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má ṣẹ́kù lábẹ́. Ohun méjì wà tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe. Ẹ má dí ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà jáde; tí ẹ bá dí i, ilẹ̀kùn á dípẹtà láti inú. Ẹ má sì sọ ọ̀rá tó wà lẹ́yìn páálí ilẹ̀kùn nù. Àwọn tó ń tún fèrèsé ṣe máa ń ya á dànù bí ẹni pé kò wúlò, nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń dí omi àti ariwo.

Ní ilẹ̀ mọ́tò, ohun rírọ̀ lábẹ́, ohun wíwúwo lórí. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò pàápàá máa ń fi àkísà aṣọ tí wọ́n lọ̀ ṣe ohun tó wà lábẹ́ moquette. Ẹ lè rí feutre tàbí moquette àlòkù lọ́wọ́ àwọn tapissier, kí ẹ wá tẹ́ líno tó nípọn lé e. Kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ pédàlì o, kó má bàa há bíréèkì.

Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ kiri, asán ni, kò dí ariwo kankan. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì burú jù ú lọ: ó fúyẹ́, ohùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń mu omi bíi kànìnkànìn, tí iná bá sì kàn án, èéfín rẹ̀ á ti pa ènìyàn kí ọwọ́ iná tó dé ibẹ̀. Ẹ má kó o sínú mọ́tò tó ń gbé èrò.

Ó ku òrùlé, tó ń dún bí ìlù nígbà òjò. Ẹ má lẹ bande bitumineuse síbẹ̀. Oòrùn ọ̀sán á yọ́ ọ, á sì jábọ́ sórí aṣọ òkè orí yín. Butyl nìkan ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ègé mẹ́rin tó tóbi bí ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti tó, ẹ sì lè bẹ ẹni tó bá ra odindi kó gé díẹ̀ tà fún yín.