Kí Àwòrán Àwọn Baba Ńlá Má Baà Di Àwòrán Àlejò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí mìíràn ti wọ ilé Yorùbá láti ayé àwọn baba ńlá wá, tí ó dákẹ́ sára ògiri, tí ó ń wo àwọn ọmọ ilé bí wọ́n ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Ẹlẹ́rìí náà ni fọ́tò. Ó ṣòro kí ènìyàn wọ ilé àtijọ́ kan ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Ìjẹ̀bú-Òde kí ó má bá àwòrán bàbá àgbà tàbí ti ìyá àgbà ní pálọ̀. Bí ó bá sì wọ ìyàrá, ó ṣeé ṣe kí ó bá àpótí onírin kan lábẹ́ ibùsùn, tí ìwé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́: rìsíìtì owó-orí, ìwé ìrìbọmi, ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé, ìwé àdéhùn ilẹ̀, àti lẹ́tà tí ọmọ kọ ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ohun ìní wọ̀nyí ń lọ. Ikán ń jẹ wọ́n, ọ̀rinrin ń lẹ fọ́tò mọ́ gíláàsì, àwọ̀ àwòrán sì ń ṣá. Nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ẹ̀mí ṣòfò, ilé wó, ohun tí ó wà nínú ilé sì bá omi lọ. Irú omíyalé bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú náà ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Síbẹ̀, ikán àti omi kọ́ ni ọ̀tá tí ó burú jù. Ọjọ́ tí ẹni ìkẹyìn tí ó mọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú fọ́tò bá papò dà, àwòrán ẹbí di àwòrán àlejò, bí gíláàsì rẹ̀ tilẹ̀ ń dán gbinrin.

Ẹ̀rí wà pé fọ́tò kò lè dá ìtàn ara rẹ̀ sọ. Ní ọdún 1975, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978. Ó rí i bí àwọn àgbà ti ń jókòó fún fọ́tò: wọn a kọjú sí ẹ̀rọ tààrà, wọn a wọ aṣọ iyì, wọn a sì gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ó tún rí ohun tí wọ́n ń ṣe nípa ìbejì. Bí ọ̀kan bá ti kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, ẹni tí ó kù a wọ aṣọ ọkùnrin, a tún wọ aṣọ obìnrin, kí wọ́n lè yà á lọ́nà méjèèjì. Ẹni tí ó bá rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lónìí yóò ka ọmọ méjì. Ìyá nìkan, tàbí ẹni tí ìyá sọ fún, ni ó mọ̀ pé ọmọ kan ni ó jókòó níwájú ẹ̀rọ, àti pé ìfẹ́ òbí ni ó jókòó ní àyè kejì.

Ìdí nìyí tí fóònù alágbèéká ìgbàlódé fi di ohun èlò àṣà nísinsìnyí. Ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ya oúnjẹ àti ijó lè ya ìwé àti fọ́tò àtijọ́ ní ẹ̀dà tí ó mọ́ kedere, ó sì tún lè gba ohùn àgbà sílẹ̀ lákòókò kan náà. Àǹfààní ẹ̀dà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọdún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá. Wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Òǹkọ̀wé náà kú ní 1901. Àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ nílé ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún ìwé náà kọ. Ní 1916 ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé iṣẹ́ tuntun yìí bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì, ó sì di Amẹ́ríkà kí ó tó padà rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ tí ó kù nílé, ìtàn odidi ìran kan ìbá ti sọnù pẹ̀lú àpò lẹ́tà kan.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kò le. Tábìlì kan lẹ́bàá fèrèsé tó, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gbé ń wọlé láìjẹ́ pé oòrùn ń ta sí i lára. Kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nu ojú fóònù, kí wọ́n pa iná rẹ̀, nítorí iná a máa dán lójú fọ́tò, a sì máa bo ojú ènìyàn. Kí wọ́n tẹ́ àwòrán náà sílẹ̀ gbalaja, kí fóònù wà lókè rẹ̀ gan-an láìfì sápá kan, kí òjìji orí ẹni tí ń yà á má sì bọ́ lé e. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ya iwájú, kí wọ́n ya ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ẹ̀yìn ni òǹtẹ̀ ayàwòrán máa ń wà, ibẹ̀ ni bàbá sì lè kọ déètì sí. Fọ́tò tí ó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì kò ṣeé fi agbára ya kúrò, nítorí ojú olówó rẹ̀ yóò kù sára gíláàsì. Kí wọ́n yà á bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan sì ta aṣọ dúdú láti dí ìmọ́lẹ̀ tí ń dán. Ní ti ìwé, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n yà lọ́tọ̀, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀ bóyá òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé ṣeé kà.

Iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ tí ó kù jù ú lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ni ó mọ fóònù í lò, àgbà ni ó mọ ẹni tí ó wà nínú àwòrán. Nítorí náà, kí ọmọ kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó tọrọ àyè, kí ó gbé fọ́tò lé àgbà lọ́wọ́, kí ó sì bi í pé: “Bàbá, ta ni ẹni tí ó jókòó lápá òsì yín yìí? Ọmọ ta ni? Níbo ni ẹ wà lọ́jọ́ náà?” Bí àgbà bá gbà, kí fóònù máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n ti apá òsì lọ sí ọ̀tún, láti orí àwọn tí ó jókòó dé orí àwọn tí ó dúró. Kò ní pẹ́ tí oríkì yóò fi tẹ̀lé orúkọ, tí ìtàn yóò sì tẹ̀lé oríkì.

Bí àgbà kò bá rántí ọdún, àwọn àmì wà tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ inú fọ́tò bá ń gba apá òsì títì, kí ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tó dé ni wọ́n yà á, nítorí ọjọ́ náà ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún. Rìsíìtì tí wọ́n kọ ní pọ́n-ún àti ṣílè ṣáájú kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973. Ìwé tí ó bá gbé orúkọ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sábà máa ń bọ́ sáàárín 1967 àti 1976, ọdún tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ náà sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Òǹdó. Àgbà tí ó bá sọ pé òun wà lára àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ti sọ ọdún 1955 láìmọ̀.

Ewu tuntun kan sì wà tí ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ra fún. Àwọn ètò kan wà nínú fóònù tí ń dá ojú pọ̀, tí ń kun àwòrán dúdú àti funfun ní àwọ̀, tí ń sọ arúgbó di ọ̀dọ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ lè ka ilà ojú sí àbàwọ́n, kí ó sì pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ pélé, àbàjà àti gọ̀ǹbọ́ kì í ṣe àbàwọ́n. Ìwé ìdílé ni wọ́n, tí àwọn baba kọ sára ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí wọ́n fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà, láìfọwọ́ kàn án.

Àwọn àgbà mìíràn kì í fẹ́ yọ̀ǹda àpótí wọn, ẹ̀rù wọn sì ní ìdí. Ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ tí ó bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì lè dá ogun sílẹ̀. Nínú àwọn ọ̀nà márùn-ún tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ là sílẹ̀ ní ọdún 1976 fún fífi ẹ̀rí hàn pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni, ìtàn ìdílé wà níbẹ̀, ìwé sì wà níbẹ̀. Nítorí náà kò bójú mu kí ẹnikẹ́ni sun ojúlówó tàbí kí ó dà á nù nítorí pé ẹ̀dà ti wà nínú fóònù. Ojúlówó ni ilé-ẹjọ́ máa ń kọ́kọ́ béèrè. Àwòrán aya tí ó ti kó jáde, ti òkú tí wọ́n tẹ́, tàbí ti ètùtù ìdílé kò sì yẹ ní gbangba íńtánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé olórí ẹbí fọwọ́ sí i. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ.

Ní ti ìpamọ́, ẹ̀dà kan kò tó. Olè lè jí fóònù, omi sì lè bà á jẹ́. Kí ọ̀kan wà nínú fóònù, kí ọ̀kan wà nínú fíláàṣì tí ó wà nílé, kí ẹ̀kẹta sì wà lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní ìlú mìíràn tàbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àyè ọ̀fẹ́ tí Google ń fúnni jẹ́ gígábáìtì 15, láti oṣù kẹfà ọdún 2021 sì ni àwọn fọ́tò tuntun ti ń jẹ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, nítorí bí ó bá lọ gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lásán, ẹ̀rọ náà a máa fún un pọ̀, ojú rẹ̀ a sì ṣú. Kí orúkọ tí wọ́n sọ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní ọdún, ìlú àti orúkọ ènìyàn nínú. Kí ó kéré tán ènìyàn méjì nínú ẹbí sì mọ ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ tí ó ṣí i, kí kọ́kọ́rọ́ má baà bá ẹnì kan ṣoṣo wọ sàréè.

Olùkọ́ lè fi èyí ṣe iṣẹ́ ìsinmi fún akẹ́kọ̀ọ́: fọ́tò kan, àgbà kan, ìtàn kan. Ìpàdé ẹbí lè yan ọmọ méjì sí i. Iṣẹ́ náà kò béèrè owó púpọ̀, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Fọ́tò tí ó wà lára ògiri lè dúró di ọdún tí ń bọ̀. Ẹnu tí ó mọ orúkọ inú rẹ̀ lè má dúró. Nítorí náà, kí ẹbí tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán tí ó dára jù. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dàgbà jù ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.