Alùpùpù tó ń rin ọ̀dà, tó sì ń dé oko

A ti ká òwú, a ti tà á. Ẹlòmíràn ta kajú, ẹlòmíràn ta gàrí. Owó dé ọwọ́, ọ̀rọ̀ alùpùpù sì dé ẹnu. Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó ka owó yẹn fún ẹni tí ń tà á, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa ní ìbéèrè kan: ọ̀nà wo ni alùpùpù náà máa rìn?

Ọ̀nà tó burú jù nínú gbogbo ọ̀nà tí à ń rìn ni kí á rò. Ẹni tó ń gbé Kétu lè gba ojú ọ̀dà lọ sí Pobẹ, kí ó sì tibẹ̀ dé Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé etí ọ̀dà ni oko rẹ̀ wà? Ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ dúdú a máa lẹ̀ mọ́ táyà títí kò fi ní lè yí mọ́. Ní Ṣábẹ, òkúta ni. Lójú ọ̀nà yangí, òjò a gbẹ́ kòtò, ẹ̀ẹ̀rùn a sì sọ ojú ọ̀nà di gbágungbàgun bí páànù òrùlé. Ìyá tó ń rọbí kò sì ní dúró de ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Alùpùpù kan wà tí wọ́n ń pè ní scrambler. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ náà ti wá. Ní 1924, ní Camberley, àwọn kan fi alùpùpù sáré ìje ní pápá, níbi tí kò sí ọ̀nà. Wọ́n pe ìje náà ní scramble. Lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn a mú alùpùpù ojú ọ̀dà, wọn a gbé ọ̀pá èéfín rẹ̀ sókè, wọn a fi táyà eléyín sí i, wọn a sì yọ ohun tí kò wúlò kúrò kí ó lè fúyẹ́. Ní 1962, Honda àti Ducati ti ṣe irú rẹ̀ fún títà. Ducati tún gbé tirẹ̀ padà sọ́jà ní 2015. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 803, ó sì wúwo ju 180 kìlò lọ. Bí irú èyí bá wó lu èèyàn nínú ẹrọ̀fọ̀, ta ni yóò gbé e kúrò? Nǹkan fáàrí olówó ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí wọ́n dá níbẹ̀rẹ̀ wúlò fún wa: alùpùpù ojú ọ̀dà tó fúyẹ́, tí a tún ṣe díẹ̀, lè rin oko.

Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá ju 15 sàǹtímítà lọ, òkúta yóò máa gbá a. Bí ó bá sún mọ́ 20, ó dára. Èyí tí wọ́n ṣe fún inú igbó gan-an a máa ju 25 lọ, ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ ga. Ẹ gùn ún kí ẹ wò ó. Bí ẹsẹ̀ yín méjèèjì ò bá tẹlẹ̀ dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀. Nínú ẹrọ̀fọ̀, ẹsẹ̀ ni ọ̀pá tí ó ń gbé wa ró.

Níbi táyà ni èèyàn ti ń ṣì í jù. Táyà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dán máa ń yọ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Táyà tí eyín rẹ̀ tóbi, tó jìnnà síra, a máa ja ilẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ọ̀dà a tètè jẹ ẹ́, kì í sì í di ọ̀dà tútù mú nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni kí ẹ mú. Ẹ tún ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ kúkú ti mọ nọ́ńbà kà. Bí ẹ bá rí 3.00-18, 3 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní ínṣì, 18 sì ni ìwọ̀n ẹsẹ̀ tó bá a mu. Nọ́ńbà mẹ́rin kan tún wà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2423 ni ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún ọdún 2023. Kí ẹnikẹ́ni má ta táyà tó ti ń sán fún yín pé tuntun ni.

Ẹsẹ̀ onísípóòkù ló yẹ wá. Bí sípóòkù bá tẹ̀, mẹkáníìkì abúlé lè tún un ṣe. Èyí tí wọ́n yọ́ irin rọ lódidi lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kòtò bá fọ́ ọ, ó parí nìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì 125 tàbí 150 tó. Ohun tó ṣe pàtàkì ju agbára lọ, lójú tèmi, ni ibi tí a ó ti rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. Bajaj Boxer tí ọ̀pọ̀ zémìjàn ń gùn kì í ṣe scrambler, àmọ́ ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́jà káàkiri. Ẹ lè ra irú bẹ́ẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ táyà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n de irin pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé egungun rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ gbé e ga: ibi tí wọ́n bá jó pọ̀ lè já lábẹ́ ẹrù. Bí ẹ bá rí èyí tí ọ̀pá èéfín rẹ̀ wà lókè, ẹ wò ó bóyá irin wà tó bò ó, kí ó má baà jó ẹsẹ̀ ẹni tí ẹ gbé sẹ́yìn.

Bó bá jẹ́ kpayo inú ìgò lẹ ń rà, ẹ máa sẹ́ ẹ, torí omi àti ìdọ̀tí a máa wà nínú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa gbọn eruku kúrò lára asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí.

Ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ mú ẹnì kan dání tó sanra tó ẹrù tí ẹ máa ń gbé. Ẹ gbé e sẹ́yìn, kí ẹ gun ojú ọ̀nà tó burú. Bí abẹ́ bá ń gbá ilẹ̀, tàbí tí iwájú ń fò sókè, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tún sípóòkù àti ṣéènì fún. Ìwé tó bá a wá ni yóò sọ ìgbà tí ẹ máa pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì. Bí Faransé ló bá wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e wá sí kíláàsì, a ó jọ kà á.