Ọmú Ìyá àti Mílíìkì Agolo: Èwo ni ti Ìyá Tó Ní HIV l'Ónípánù?

Aláboyún tó ní kòkòrò HIV l'Ónípánù, ní Èkó, lónìí, oògùn oníhóró kan lójúmọ́ ló ń gbé e dé orí ìkúnlẹ̀. Bí kò bá lo oògùn rárá, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀, 15 sí 45 ló lè kó kòkòrò náà nínú oyún, lójú ọmọbíbí tàbí lẹ́nu ọmú. Bí ìyá bá ń lò ó déédéé, wọn kì í tó 5. Ìyẹn ti kúrò ní ohun tí à ń jiyàn lé lórí. Ìgbà tí ọmọ bá ti ké ni iyàn bẹ̀rẹ̀: ṣé ọmú ni àbí mílíìkì agolo?

Ẹ jẹ́ ká fún mílíìkì ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ná. Kò sí HIV nínú agolo. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ títí dòní pé fídà ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ta ìyá nù bí kòkòrò kò bá hàn mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó sì ní ọmú lòun máa fún ọmọ òun. Ọmọ Yorùbá tó bímọ sí Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lè gba ìmọ̀ràn yẹn láìfòyà. Omi ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣeé gbára lé, iná ibẹ̀ kì í ṣe ségesège.

Ẹ wá gbé fídà kan náà wá sí ilé tí ayálégbé yàrá mẹ́wàá ti ń lo ilé ìdáná kan. Aago méjì òru, ọmọ ké, NEPA ti mú iná lọ. Ìyá á tan tọ́ọ̀ṣì, á gbé omi tó rà lọ́wọ́ méruwà kaná, á dúró kó hó, á fi omi gbígbóná fọ fídà àti orí rẹ̀, á wọn ìyẹ̀fun mílíìkì, á wá máa fẹ́ ẹ kó lọ wọ́ọ́rọ́. Èyí tí ọmọ bá mu kù, dídànù ni. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ṣì tún ku ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí agolo bá sì ń tán lọ tí owó kò sí, ọ̀pọ̀ á dín ìyẹ̀fun kù, wọ́n á fi omi là á. Ikùn ọmọ á kún, ara rẹ̀ ò ní gbà á.

Botswana ló jẹ́ kí n gbà pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà kan, ìjọba ibẹ̀ ń pín mílíìkì ọ̀fẹ́ fún àwọn ìyá tó ní HIV, tọkàntọkàn ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Òjò ńlá wá rọ̀ ní ìparí 2005 wọ 2006, omi bàjẹ́, ìgbẹ́ gbuuru bẹ́ sílẹ̀, ọmọ ọwọ́ kú lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn tí kò mu ọmú ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá ti rí bí àgbàrá ṣe ń wọlé ní Bàrígà lásìkò òjò, kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmú ńkọ́? Láìsí oògùn, ewu ni. Pẹ̀lú oògùn, ìwádìí PROMISE tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Áfíríkà àti Íńdíà fi hàn pé àwọn ọmọ tó kó kòkòrò náà lẹ́nu ọmú títí dé ọmọ ọdún kan kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ náà á sì máa lá oògùn olómi tirẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6, ó kéré tán. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó bá yan ọmú fi oògùn tì í lẹ́yìn. Nàìjíríà wà lára wọn, èmi náà sì fara mọ́ ọn.

Àdàlù ọmú àti nǹkan mìíràn ni mo kórìíra. Ní Durban, lọ́dún 1999, nígbà tí oògùn kò tíì délé dóko, àwọn olùwádìí rí i pé àwọn ọmọ tó ń mu ọmú pẹ̀lú omi àti oúnjẹ mìíràn kó kòkòrò náà ju àwọn tó mu ọmú nìkan. Nílé wa, ta ni kì í fún ọmọ tuntun lómi? Àgbo ń bẹ lọ́tùn-ún, omi glucose ń bẹ lósì. Ìyá ọkọ á ní, "Ìyàwó, òùngbẹ ń gbẹ ọmọ yìí." Tó bá sì jẹ́ fídà ni ìyàwó gbé dání, ìbéèrè míì ni: "Ọmú rẹ dà?" Ìbéèrè yẹn nìkan ti tú àṣírí obìnrin tó pọ̀. Ọkọ tó bá mọ àṣírí náà ló yẹ kó dáhùn: "Ìyá, dókítà ní ọmú nìkan, fún oṣù 6." Bí ẹnì kan bá sì ti yọ́ omi fún ọmọ, kí ìyá má torí ẹ̀ já a lẹ́nu ọmú; kó máa lo oògùn rẹ̀ lọ.

Oògùn yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, ibẹ̀ sì ni àyà mi ti ń já. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè tó ń ti oògùn yìí lẹ́yìn dúró ní oṣù Kìíní 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sáré ya ₦4.8 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún oògùn HIV. Ó dára, àmọ́ owó àsáréwá ni. Ọmú kì í dúró de ìpàdé mínísítà. Ìyá tí oògùn rẹ̀ bá dáwọ́ dúró, tàbí tí àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò ṣì pọ̀ lára rẹ̀, tirẹ̀ yàtọ̀: kó tètè bá dókítà jókòó. Bó bá lówó, tí omi rẹ̀ mọ́, mílíìkì lè jẹ́ tirẹ̀.

Àwọn yòókù, lẹ́yìn oṣù 6, kí oúnjẹ kún ọmú, kí ọmú má sì dáwọ́ dúró títí ọmọ á fi pé ọdún kan, kódà ọdún méjì. Ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n máa ń gún gìgísẹ̀ ọmọ fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Bí àbájáde bá fi hàn pé ọmọ kò ní kòkòrò náà, ìyẹn kò tíì parí ọ̀rọ̀: ẹ tún gbé e padà ní oṣù 18, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já a lẹ́nu ọmú.